Òkúta Kan, Ìlú Mẹ́rin: Ìkẹ́dùn fún Ẹbí Olóyè Gbádébọ̀ Olúdayọ̀

Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Òkè-Àgbẹ̀dẹ,
Gbọ̀ngàn Ìlú, Òkè-Àgbẹ̀dẹ,
lọ́nà Ìlogbò,
Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1994.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé Olúdayọ̀ tí í ṣe àrẹ̀mọ, àti gbogbo ẹbí Olúdayọ̀ ní Àrámọkọ.

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí ó mọ níwọ̀n ni Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Òkè-Àgbẹ̀dẹ gba ìròyìn ìpapòdà bàbá yín, Olóyè Gbádébọ̀ Olúdayọ̀, ẹni tí ó ṣe kánsílọ̀ nígbà kan, tí ó ṣe aṣòfin nígbà kan, tí ó sì ń du ipò ní gbogbo ìgbà tó kù. Ẹgbẹ́ mọ̀ pé bí bàbá ti wù kí ó rí, bàbá ni. Ẹni tí ó sọ ọmọ lórúkọ, tí ó tún gbé e lọ sí iléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹlòmíràn tí a lè fi dípò rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yìn bàbá yóò dára fún yín.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ẹgbẹ́ kò ní í tàpá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ohun rere tí a mọ̀ nípa olóògbé ni a fẹ́ kọ, bí kò tilẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni lẹ́tà yìí ń jẹ́. Ó ń bá yín kẹ́dùn, ó sì ń dáhùn lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lọ́jọ́ kìíní oṣù yìí, nínú èyí tí ẹ ti bèèrè pé kí Ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé láti ọjọ́ ìsìnkú lọ, Ilé Ìgbẹ̀bí Mary tí ó wà ní ìlú wa yóò máa jẹ́ Ilé Ìgbẹ̀bí Olóyè Gbádébọ̀ Olúdayọ̀. Ẹ ní òkúta ìpìlẹ̀ tí bàbá yín fi lélẹ̀ ní ọdún 1977 ṣì wà níbẹ̀ fún ẹ̀rí. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn kò ní í lòdì sí i bí Ẹgbẹ́ bá ti fọwọ́ sí i. Ìyáàfin Felicia Ẹ̀yínadé, alága Ẹgbẹ́, tí í ṣe ìyá Mary tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri, ló ní kí akọ̀wé má fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá yín lóhùn. Ó ní ẹni tí bàbá rẹ̀ kú yẹ lẹ́ni tí à ń jókòó ṣàlàyé fún.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni bàbá yín ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbàgbé ìbò ọdún 1976. Ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ ni bàbá tirẹ̀, Pa Jòsáyà Olúdayọ̀, tí ó fi ogójì ọdún ṣe olùkọ́ ìjọ, sùn nínú Olúwa. Àwọn ọmọ ra òkúta láti Ìbàdàn fún orí sàréè rẹ̀. Nígbà tí ìbò ku oṣù mẹ́ta, wọ́n wá a tì. Láti àdúgbò dé àdúgbò ni bàbá yín ń gbé ẹkún kiri, tí ó ń sọ pé àwọn tí ń bá òun du ipò ló wú òkúta lórí sàréè bàbá òun. Ó dé ìlú wa náà. Ó dúró lábẹ́ igi odán, ó bọ́ fìlà, ó sì sunkún títí àwọn ìyá fi bá a sunkún. Ta ni yóò fi ìbò du ọmọ òkú tí wọ́n jà lólè? Ó wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n sì fi í ṣe kánsílọ̀ tí ń bójú tó ètò ìlera.

Iṣẹ́ tí ó ṣe jù nípò náà ni fífi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Nínú èyí, Ẹgbẹ́ kò rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Láàárín oṣù mẹ́ta ní 1977, ìlú mẹ́rin ló fi òkúta lélẹ̀ fún pé ìjọba ń bọ̀ wá kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Odò-Ọwá ló ti bẹ̀rẹ̀, àwa la ṣe ìkẹrin. Òkúta funfun tó dán ni, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i lára pé: ÒKÚTA ÌPÌLẸ̀ ILÉ ÌGBẸ̀BÍ YÌÍ NI Ọ̀NỌ́RÉBÙ G. OLÚDAYỌ̀ FI LÉLẸ̀ FÚN ÀǸFÀÀNÍ GBOGBO ARÁ ÌLÚ. Kò sí ọjọ́ lára rẹ̀, kò sì sí orúkọ ìlú kankan. A rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ìyáàfin Felicia wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ ni nígbà yẹn, òun ló kó àwọn ọmọ iléèwé wá kọrin. Nígbà tí wọ́n ká aṣọ kúrò lórí òkúta, ojú rẹ̀ lọ sára iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gba àárín lẹ́tà D inú Olúdayọ̀ kọjá. Ó ti rí iṣan yẹn rí. Oṣù méjì ṣáájú ni ó ti rí i ní Odò-Ọwá, níbi tí ó ti ń ṣe olùkọ́, tí ó kó àwọn ọmọ ibẹ̀ náà jáde láti wá kọ irú orin kan náà níwájú irú òkúta kan náà. Ó rò ó títí, ó rí i pé kì í ṣe irú kan náà. Òkúta kan náà ni.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ó ti dé láti Odò-Ọwá, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun wá sítòsí ọkọ àti ọmọ. Ìwé pélébé kan láti ọ̀dọ̀ Ọ̀nọ́rébù ló gbé e wálé. Ó bu omi sẹ́nu, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì darí orin. Ẹgbẹ́ kò mọ èyí títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ó sì dé ibẹ̀.

Bí àṣẹ bàbá yín bá ti ṣẹ, ọ̀sẹ̀ náà ni òkúta ì bá ti kúrò lọ́dọ̀ wa bí ó ti kúrò níbi mẹ́ta ìṣáájú. Bùràímọ̀ ni kò jẹ́ kí ó ṣẹ. Bíríkìlà ọmọ Ìwó ni Bùràímọ̀, ó bá wọn kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlogbò, ó fẹ́ ìyàwó lọ́dọ̀ wa, kò sì padà sílé mọ́. Awakọ̀ Ọ̀nọ́rébù fà á sẹ́yìn mọ́tò, ó ní ẹrẹ̀ ni kí ó fi lẹ òkúta náà, kí ó má fi símẹ́ǹtì ṣòfò. Bùràímọ̀ rí i pé wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀yìn òkúta náà pátápátá. Ó bèèrè ìdí rẹ̀, awakọ̀ ní nítorí ikán ni. Bùràímọ̀ kò gbọ́ ọ rí pé ikán ń jẹ òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ló dùn ún jù. Ó rò pé ara ìlú ni kò ní símẹ́ǹtì, pé ojú ló ń ti awakọ̀ láti sọ ọ́. Bíríkìlà tí ó bá fi ẹrẹ̀ lẹ òkúta ìpìlẹ̀, nígbà tí ilé bá wó, orúkọ ta ni wọn yóò dá? Nígbà tí àwọn àlejò lọ jẹ iyán, ó gbé símẹ́ǹtì tirẹ̀ tí ó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ kan wá. Ó gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún, ó to irin sí i, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó sì de òkúta Ọ̀nọ́rébù mọ́lẹ̀ bí ẹni de ẹranko ọdún.

Ní ọjọ́ kẹrin, awakọ̀ padà wá pẹ̀lú ọ̀pá irin. Ó wú u, kò wú. Ó pe àwọn méjì kún ara rẹ̀, igun òkúta ló ṣẹ́ dànù, òkúta kò mì. Àwọn obìnrin tí ń ti odò bọ̀ dúró, wọ́n bi í pé kí ló ń wá. Ó ní Ọ̀nọ́rébù ló rán òun láti wò ó bóyá ara òkúta le. Wọ́n ní ara rẹ̀ le, kí ó bá àwọn kí Ọ̀nọ́rébù. Ọ̀sẹ̀ kejì ló yẹ kí Èrìò gba òkúta tirẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ni Ọ̀nọ́rébù fi lélẹ̀ fún wọn.

Ìgbà yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìtàn òkúta náà láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní òun fojú rí i, a kà á sí àhesọ, a sì ń fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa nìyẹn, pé a rẹ́rìn-ín. A rò pé òkúta tó kọ̀ tí kò lọ mọ́ yìí, ilé yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìlú péjọ pé kí a ṣe é bí a ti í ṣe iṣẹ́ ìlú, kí obìnrin ru iyanrìn, kí ọkùnrin gé pákó, kí ilé ìgbẹ̀bí dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni bàbá yín ránṣẹ́ pé kí a má fọwọ́ kan ilẹ̀ ìjọba, pé àwòrán ilé náà ti wà lórí tábìlì, pé bí a bá kọ́ tiwa, ìjọba yóò gbé tirẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. A gbọ́ràn. Ọdún mẹ́rin la fi gbọ́ràn. Ní 1979 ó wọlé ìbò lọ sí ilé aṣòfin ní Àkúrẹ́, àwọn ìyàwó wa sì ń sá ata lórí òkúta rẹ̀.

Mary Ẹ̀yínadé jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà tí ó lóyún àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981, ọmọ sì gbé ẹsẹ̀ síwájú. Àwọn ìyá àgbà ní èyí ju agbára àwọn lọ, kí wọ́n máa gbé e lọ sí Àrámọkọ. Wọ́n tẹ́ ẹní sínú píkọ́ọ̀pù tí ń kó kòkó, Ìyáàfin Felicia sì gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí wọ́n tó jáde ní ìlú, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ òkúta ìpìlẹ̀ kọjá, Mary fúnra rẹ̀ sì wò ó, ó bi ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, ulé yìí dà?” Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó dé afárá. Níbẹ̀ ni Mary kú sí nígbà tí oòrùn wà lókè ọ̀run, tòun ti ọmọ inú rẹ̀.

Bàbá yín kọ ìwé ìkẹ́dùn sí Ìyáàfin Felicia. Ìwé náà wà lọ́wọ́ Ẹgbẹ́, ó ní òǹtẹ̀ ilé aṣòfin lórí. Ó wà nínú rẹ̀ pé olóògbé Mary Ẹ̀yínadé sin ìlú rẹ̀ di ọjọ́ ogbó, pé ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ, pé ikú àgbà ni, kí á máa dúpẹ́. Ẹ̀dà ìwé tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú ni, orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Bí ó ti ṣe òkúta náà ló ṣe ìwé. Ìyáàfin Felicia kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ká a, kò sì fà á ya. Nítorí ìwé yẹn ni Ẹgbẹ́ ṣe pinnu pé tiyín kò ní í rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí ó kú gan-an ni a ó kọ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ Mary ni Ìyá àgbà Àbẹ̀ní, olórí àwọn obìnrin, gbé agbọ̀n iyanrìn àkọ́kọ́ láti odò wá. Kò pe ìpàdé, kò bèèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Obìnrin tó kù tẹ̀ lé e. Bùràímọ̀ ṣáájú àwọn bíríkìlà, kò gba nǹkan kan. Nígbà tí ilé dé ìdajì, ẹnìkan ní kí a mọ ògiri gba orí òkúta Ọ̀nọ́rébù kọjá kí ó lè wúlò. Àbẹ̀ní kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò ní í jẹ́ kí irọ́ gbé ilé tí wọn yóò máa bímọ sí. Nítorí náà ẹnu ọ̀nà ni òkúta wà, lóde, ibẹ̀ sì ni àwọn ọkọ tí ìyàwó wọn ń rọbí máa ń jókòó lé. Ó tù wọ́n lára díẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ èyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àǹfààní àkọ́kọ́ tí ìlú wa jẹ lára ipò kánsílọ̀ bàbá yín.

Nígbà tí a ṣí ilé náà ní 1984, bàbá yín kò lè wá. Ní ọdún tó ṣáájú ló ti kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó gbé e dé Àkúrẹ́, tí ó fò sínú èkejì nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí nǹkan gbóná lẹ́yìn ìbò, ó gba Ìbàdàn lọ, ó ránṣẹ́ sílé pé dókítà ló ní kí òun sinmi. Ó sinmi fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ó tún fẹ́ du ipò ìjọba ìbílẹ̀ ní 1987, ó mú ayàwòrán wá síwájú ilé ìgbẹ̀bí wa, ó fẹ́ fi ọwọ́ lé òkúta náà kí wọ́n yà á. Gbádégeṣin ọmọ alágbẹ̀dẹ ló jókòó lórí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé. Wọ́n ní kí ó dìde fún Ọ̀nọ́rébù. Ó ní ìyàwó òun kò tí ì dìde, òun náà kò ní í dìde. Ẹ wo àwòrán ìpolongo náà dáadáa, ó yẹ kí ẹ̀dà kan wà nílé yín. Ọkùnrin tí ó jókòó tí ó fajú ro lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín, Gbádégeṣin ni. Ìbejì ni ìyàwó rẹ̀ bí.

Ìgbà tí lẹ́tà yín dé, Ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn, ṣùgbọ́n a kò ní í fi í pamọ́ fún yín. Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, tí ó ti jẹ́ akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí a gbà. Ó ní ẹ ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà àti jẹnẹrétọ̀, pé òkú kì í jẹ orúkọ, pé bí a bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé nọ́ọ̀sì Bísí kúrò lọ́dọ̀ wa, kí ilé wà kí agbẹ̀bí má sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa mi orí. Ẹ má ṣe rò pé a jẹ́ akọni, jẹnẹrétọ̀ wọ̀ wá lójú. Gbogbo wa wá yíjú sí alága, nítorí orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ kúrò lára ògiri, a sì rò pé yóò bẹ̀ wá.

Kò bẹ̀ wá. Ó dìde dúró, ó di ẹ̀yìn àga mú, ó ní, “Mo mọ òkúta yẹn kí ó tó dé ùlú yìí. Odò-Ọwá ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo dákẹ́, torí ọkùnrin náà ló bá mi gba tiransífà wálé. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní dúró dè é, ẹ̀ bá ti kọ́ ulé yìí kí Mary tó lóyún. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti gbé e sínú. Tí ẹ bá fẹ́ yọ orúkọ ọmọ mi, ẹ yọ ọ́. N kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.”

Ó jókòó. Àwọn kan nínú wa ń wo ilẹ̀. Inú bí wa sí i, kí a má purọ́. Ìlú tí ó fi ọdún mẹ́rin dúró de ọkọ̀ tí kò bọ̀, tí ẹnìkan nínú rẹ̀ sì mọ̀ pé kò bọ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Àbẹ̀ní, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ló dá a lóhùn. Ó ní, “Ìyá Mary, o ò ṣe é re. A ti gbọ́, a sì bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ìwọ dákẹ́ ni, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó purọ́. Ukú ọmọ rẹ ló kọ́ ulé yẹn fún wa. Orúkọ rẹ̀ kò níí kúrò ńbẹ̀.” Bánkọ́lé fúnra rẹ̀ ló gbè é lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì Bísí tí ó jókòó lẹ́yìn sì sọ pé bí wọ́n bá gbé òun lọ ní Ọjọ́ Ajé, òun yóò padà wá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Nítorí náà, ìdáhùn Ẹgbẹ́ sí ìbéèrè yín ni pé rárá. Ilé Ìgbẹ̀bí Mary ni, òun náà ni yóò sì máa jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi bẹ́ẹ̀dì àti jẹnẹrétọ̀ náà ta ilé ìgbẹ̀bí kan lọ́rẹ ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú mẹ́ta ìyókù. Wọ́n ṣì ń dúró.

Ṣùgbọ́n kí ó má di pé a lé yín padà lọ́wọ́ òfo, ìpàdé náà pinnu pé kí a dá òkúta yín padà fún yín. Ẹ ní ẹ̀rí iṣẹ́ bàbá yín ni, ó sì yẹ kí ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí. A ránṣẹ́ sí Bùràímọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun àti ọmọ rẹ̀ fi òòlù àti irin bá a jà. Ó ń mí hẹlẹ, inú rẹ̀ sì ń dùn, ó ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé òun lẹ̀ ẹ́ dáadáa nígbà yẹn, àbí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó wú u tán ní ọ̀sán àná, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó rí i pé símẹ́ǹtì ti bó ọ̀dà dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò níbì kan, ohun kan sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Bùràímọ̀ kò mọ̀wé. Ó fi kẹrosíìnì àti ọ̀bẹ ha ìyókù, ó wá ní kí wọ́n lọ pe Ìyáàfin Felicia.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní ó kà á sínú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó kà á sókè. Ohun tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn òkúta náà, tí Ẹgbẹ́ ti dà kọ síhìn-ín láìyọ ẹyọ kan, ni pé: NÍ ÌRÁNTÍ BÀBÁ WA ỌWỌ́N, JÒSÁYÀ OLÚDAYỌ̀, OLÙKỌ́ ÌJỌ, TÍ Ó SÙN NÍ ỌJỌ́ KEJÌ OṢÙ KARÙN-ÚN, 1975. ỌMỌ RẸ̀, GBÁDÉBỌ̀, LÓ GBÉ E KALẸ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹgbẹ́ kò rò pé ẹ̀yin ọmọ mọ̀ sí i, a kò sì fi ẹ̀sùn kankan kàn yín. Ìgbà tí ó wú òkúta náà kúrò lórí sàréè, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin náà wà lára àwọn tí ó jà lólè. Ẹkún tí ó fi wọ ìjọba ìbílẹ̀, òkúta tí ó fi ṣe kánsílọ̀, òkú bàbá tirẹ̀ ló san gbogbo rẹ̀. Ìyáàfin Felicia wo òkúta náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun ti ń bínú sí ọkùnrin yìí fún ọdún mẹ́tàlá, pé òun kò mọ̀ pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó sì ní kí a bo òkúta náà, kí òjò má pa orúkọ olùkọ́ ìjọ.

Ní ti ìrànlọ́wọ́ tí irú ẹgbẹ́ wa yìí máa ń ṣèlérí ní irú àkókò yìí, èyí ni tiwa. A gbọ́ pé sàréè Pa Jòsáyà kò ní àmì kankan títí di òní, pé koríko ni ẹ fi ń mọ ibẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, kí ìsìnkú bàbá yín tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn wa mẹ́fà yóò gbé òkúta náà wá sí Àrámọkọ. Ìyáàfin Felicia Ẹ̀yínadé yóò ṣáájú wọn. Kò ní í sọ̀rọ̀ níbi ìsìn, kò sì ní í jẹun. Bùràímọ̀ yóò gbé símẹ́ǹtì tirẹ̀ dání, kò ní í gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, yóò sì lẹ òkúta náà sórí ẹni tí ó ni ín. Ohun kan ṣoṣo tí ó bèèrè ni kí ẹ sọ ojú tí ẹ fẹ́ kí ó wà lókè. Ìmọ̀ràn Ẹgbẹ́ ni pé kí orúkọ Pa Jòsáyà wo ọ̀run, kí ti Ọ̀nọ́rébù dojú bo ilẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ń rí iwájú òkúta tí ó sì ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ tù yín nínú. Kí ó gba ìtìjú yìí lọ́wọ́ yín, nítorí kì í ṣe tiyín. Kí ó tẹ́ Mary àti ọmọ rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó fún Pa Jòsáyà ní ìsinmi tí ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ní, kí ó fún bàbá yín ní ohun tí ó tọ́ sí i, kí ó sì jẹ́ kí òkúta yìí dúró níbi tí a bá gbé e sí. Àmín.

Èmi ni, ní orúkọ Ẹgbẹ́,

Samson Fọlọ́runṣọ́,
Akọ̀wé.